Bí wọ́n bá ní nerve ojú yín ti wú, ẹ ní kí wọ́n yà á kí ẹ rí i

1/ Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn, ẹ wá ibi jókòó sí 🧵. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nílùú Ìlọrin yìí gbọ́ pé "nerve ojú ẹ ti wú" kó sì padà sílé láìsí àwòrán, láìsí lẹ́tà, láìmọ ibi tó kàn. Bákan náà, kò yẹ kí ẹni tó ti ń ní ẹ̀fọ́rí láti oṣù mẹ́ta gbọ́ pé "gíláàsì lo nílò" nígbà tí ẹnì kan ò tíì wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀.

2/ Kí ẹ tó bi mí: rárá, mi ò kí ń ṣe dókítà. Mass Comm ni mo kà, fídíò ni mo ń ṣe jẹun. Àmọ́ látìgbà tí mo ti ṣe fídíò kan lórí ẹ̀fọ́rí àwa ọ̀dọ́bìnrin, DM mi ò sinmi mọ́. Mo ti kàwé lórí ẹ̀, mo ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo sì ti ní èrò tèmi.

3/ Ọ̀nà méjì ni DM yẹn pín sí. Ọ̀kan rèé: ọmọbìnrin kan ní Tánkẹ̀ lọ ra gíláàsì. Wọ́n tan iná sí i lójú, wọ́n ní "nerve ojú ẹ wú o, ó lè jẹ́ kókó inú ọpọlọ." Ó parí síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí ààfáà fún hàǹtú, òun fúnra rẹ̀ ń wá "brain tumour" lórí Google títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó rí ẹni tó ya ojú náà dáadáa. Kí ni wọ́n rí? Bí Ọlọ́run ṣe dá ojú ẹ̀ nìyẹn. Nerve ò wú rárá.

4/ Ìkejì ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀fọ́rí tó ń jí èèyàn láàárọ̀. Ojú tó ń ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bó bá dìde tàbí tó bẹ̀rẹ̀. Ariwo "fùù, fùù" nínú etí, tó ń lù bí ọkàn ṣe ń lù. Ìdáhùn tí wọ́n fún un? "Stress ni. O ti tẹ fóònù jù. Ra gíláàsì." Bẹ́ẹ̀ gbogbo àmì tó kà sílẹ̀ yẹn ló wà lára ohun tí dókítà máa ń bèèrè tó bá ń fura sí ìfúnpá inú agbárí.

5/ Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tí à ń sọ. Ojú dà bíi kámẹ́rà, ọpọlọ ló ń wo àwòrán, iṣan ìríran tí gbogbo wa ń pè ní nerve ojú sì ni waya tó so wọ́n pọ̀. Okùn tín-ín-tín tó lé ní mílíọ̀nù 1 ló wà nínú waya yẹn. Bí dókítà bá tan iná wọ inú ọmọlójú, á rí orí waya náà lẹ́yìn ojú: róbótó, etí rẹ̀ á sì hàn kedere. Kò sí ibòmíì lára tí dókítà ti lè rí iṣan tó jẹ́ ara ọpọlọ báyìí láìfi ọ̀bẹ la èèyàn.

6/ Omi kan yí ọpọlọ ká nínú agbárí. Omi yẹn bá waya náà lọ dé ẹ̀yìn ojú, nínú àpò tó wé mọ́ ọn. Bí ìfúnpá inú agbárí bá lọ sókè, ì báà jẹ́ nítorí kókó, omi tí kò ráyè ṣàn, àrùn yírùnyírùn tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan ọpọlọ, orí waya náà á wú. Etí rẹ̀ á di bàìbàì. Papilledema ni wọ́n ń pè é. Ojú méjèèjì ló sábà máa ń kàn, ẹni náà sì lè ṣì máa ríran kedere níbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kíka lẹ́tà ara ògiri nìkan ò fi tó.

7/ Ibi tí wàhálà wà nìyí: ohun púpọ̀ ló jọ ọ́. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.
• Drusen: hóró kéékèèké tó le bí òkúta, tó há sínú orí waya. Lójú ọmọdé ó máa ń sin sí ìsàlẹ̀, ohun tí wọ́n á kàn rí ni pé ibẹ̀ ga sókè.
• Ojú tí ẹnu ọ̀nà waya rẹ̀ kéré, tí okùn wá fún pọ̀ níbẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí ojú wọn kúrú.
• Orí waya tó dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí wọ́pọ̀ lára àwa tí a kì í rí ọ̀ọ́kán.

8/ Drusen wọ́pọ̀ lára òyìnbó ju àwa dúdú lọ, àmọ́ èyí tó dagun àti èyí tó fún pọ̀ wà láàárín wa dáadáa. Ẹ má sì rò pé ohun tó jọ ọ́ ò lè ṣe nǹkan. Drusen lè máa jẹ ìríran ẹ̀gbẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà àwọn tó ní in gbọ́dọ̀ máa padà lọ ṣàyẹ̀wò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìwú òótọ́ kì í dúró deni. Wákàtí àti ọjọ́ ni wọ́n ń kà fún un.

9/ Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n wa wà báyìí. Lóṣù Kejì ọdún 2012, wọ́n mú ọmọkùnrin kékeré kan lọ ṣàyẹ̀wò ojú ní Ipswich. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú rẹ̀, iṣan ìríran tó wú sì wà nínú fọ́tò yẹn. Optometrist tó yẹ̀ ẹ́ wò ò rí i. Lóṣù Keje, ọmọ náà kú lọ́mọ ọdún 8. Omi ló kún inú agbárí rẹ̀.

10/ Lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ dá optometrist náà lẹ́bi ìpànìyàn nípa àìbìkítà. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdájọ́ yẹn: wọ́n ní a ò lè fi ohun tí ì bá mọ̀ ká ní ó wo ojú náà dáadáa dá a lẹ́bi ìpànìyàn. Ẹjọ́ yẹn ní tiẹ̀. Ohun tó kàn mí ni pé fọ́tò wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ ti ṣe iṣẹ́ tiẹ̀. Ojú èèyàn tó yẹ kó wo fọ́tò ni kò dé ibẹ̀.

11/ Lẹ́yìn ẹjọ́ yẹn, ẹ̀rù ba àwọn optometrist nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orí waya tó bá ti ga díẹ̀ báyìí, ọsibítù ni wọ́n ń dá a lọ. Àwọn dókítà ibẹ̀ wá ń rí èrò rẹpẹtẹ tí ojú wọn ò wú. Ẹ rí i pé àṣìṣe méjèèjì ló ń náni lówó? Ẹni tí wọ́n fo tiẹ̀ dá lè fọ́jú tàbí kó kú. Ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà lásán lè bá ara rẹ̀ nínú MRI, kí wọ́n tún gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn láti fa omi.

12/ Ní tiwa níbí, owó ara wa la fi ń san MRI. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti ṣe é rí. Àwọn kan ta ọ̀kadà, àwọn kan ta ilẹ̀. Nítorí náà nígbà tí mo bá ń sọ pé "ẹ ya ojú náà kọ́kọ́", ọ̀rọ̀ òyìnbó kọ́ ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ àpò bàbá yín ni.

13/ Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wíwo ẹ̀yìn ojú jẹ́ nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ti UCH Ìbàdàn lọ sí agbègbè Ẹ̀pẹ́ láàárín ọdún 1960 sí 1969, ó yẹ àwọn èèyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń ṣe rìnnìrìnnì, tí etí wọn ń di, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì wò. Ó rí i pé iṣan ìríran ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, ó sì so ó mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa. Ọdún 1968 ló tẹ ìwádìí ńlá kan jáde lórí ẹ̀. Ilé ìwòsàn yẹn kan náà ni Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1962. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wa.

14/ Ó dáa, àwọn ẹ̀rọ wo ló wà? Àkọ́kọ́ ni iná kékeré tí dókítà ń fi wo ojú, ophthalmoscope. Helmholtz, ará Jámánì, ló ṣe é lọ́dún 1851. Ó ṣì wúlò títí dòní, pàápàá tí wọ́n bá ti kán oògùn tó ń mú ọmọlójú fẹ̀ sójú yín. Ẹ má sá fún oògùn yẹn torí pé ẹ fẹ́ tẹ fóònù. Wákàtí díẹ̀ ni ojú fi máa ń ṣe bàìbàì.

15/ Fọ́tò ẹ̀yìn ojú ló tẹ̀ lé e. Èmi gbà pé òun ló wúlò jù fún ìlú tí owó ò tó, nítorí ó ṣeé fi pa mọ́. Ya á lónìí, tún un yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Drusen àti ojú tó dagun kì í yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìwú òótọ́ máa ń yí padà, yálà kó pọ̀ sí i tàbí kó lọ sílẹ̀. Àmọ́ dókítà tó ti yẹ̀ yín wò ló gbọ́dọ̀ sọ pé ó ṣeé dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ má fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

16/ Ultrasound ojú: ọmọ ìyá èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún ni. Drusen tó ti le bí òkúta máa ń tàn yànrànyànràn lórí ẹ̀, kódà bí wọ́n bá dín agbára ẹ̀rọ náà kù. Ultrasound yìí kan náà lè fi hàn bóyá àpò tó wé mọ́ iṣan ìríran ti kún fún omi ju bó ṣe yẹ lọ. Kò dunni, kò sì wọ́n tó MRI.

17/ OCT: èyí tí gbogbo èèyàn ń pariwo. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lò, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìtànṣán burúkú. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 1991. Ó ń fi ìpele inú ẹ̀yìn ojú hàn bí ìgbà tí èèyàn gé kéèkì láti wo inú ẹ̀. Ó ń wọn bí okùn iṣan ṣe nípọn tó. Lójú tó dáa, ìpíndọ́gba rẹ̀ ò jìnnà sí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà kan. Tí wọ́n bá jẹ́ kó wọlé jìnnà, ó lè rí drusen tó sin. Àwọn ilé ìwòsàn ojú ńláńlá nílẹ̀ wa ti ń lò ó fún glaucoma.

18/ Èyí tó kẹ́yìn ni kí wọ́n fa oògùn aláwọ̀ sí iṣan apá, kí kámẹ́rà máa ya ojú bí oògùn náà ṣe ń kọjá. Bí iṣan bá wú lóòótọ́, oògùn náà á máa jò jáde níbẹ̀. Bó bá jẹ́ drusen, ibẹ̀ á kàn mọ́lẹ̀, kò ní jò. Ìtọ̀ yín á pọ́n bí Fanta fún ìgbà díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù 😂.

19/ Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí àwọn tó ń polówó OCT lórí ìkànnì rèé. Wọ́n ń sọ ọ́ bíi pé ẹ kan gbé ojú síbẹ̀, ó tán. Irọ́ ni. Ohun funfun kan wà tó máa ń rí róbótó bí ẹyin létí orí waya, PHOMS ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ló pè é ní drusen tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí drusen là á sílẹ̀ pé drusen kọ́ ni. Ó wà lójú ẹni tó ní drusen, ó wà lójú tó dagun, ó sì wà lójú ẹni tó ní ìwú òótọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè fi í sọ fún yín pé "kò sí nǹkan kan".

20/ Ọ̀fìn tó tún jìn ju ìyẹn lọ nìyí. Ìwú òótọ́ máa ń mú kí nọ́ńbà OCT ga. Bí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀, okùn iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, nọ́ńbà náà á sì máa lọ sílẹ̀. Ó lè dé ibi tí gbogbo ẹ̀ á di àwọ̀ ewé lórí bébà, tí ẹ máa dúpẹ́ pé "ó ti dáa", nígbà tó jẹ́ pé iṣan ló ń kú lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa wọn ìríran ẹ̀gbẹ́ yín pẹ̀lú ẹ̀, kí wọ́n sì máa bi yín bí ara ṣe ń ṣe yín.

21/ "AI á yanjú ẹ̀." Mo ń bọ̀. Lọ́dún 2020, New England Journal of Medicine gbé iṣẹ́ kan jáde: wọ́n fi fọ́tò ojú 14,341 kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá papilledema mọ̀, wọ́n sì dán an wò lórí fọ́tò 1,505 láti ibòmíì. Nínú fọ́tò 100 tó ní papilledema, ó mú nǹkan bí 96. Nínú 100 tí kò ní in, ó jẹ́rìí nǹkan bí 85 pé wọn ò ní in. Ìyẹn dáa gan-an o. Àmọ́ ẹ ka 15 tó kù. 15 yẹn ni ọmọ Tánkẹ̀ tó ń wá brain tumour lórí Google. Ẹ̀rọ lè jí dókítà, kò lè rọ́pò ẹ̀.

22/ Kí ẹ tó náwó kankan: ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá ga kọjá ààlà lè mú iṣan ìríran wú, ó sì lè pani kí MRI tó jáde. Ẹ̀rọ yẹn wà ní gbogbo kẹ́míìsì láti Post Office dé Gáà-Àkàńbí. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kókó ọpọlọ láìtíì wọn ìfúnpá yín ti fo àtẹ̀gùn àkọ́kọ́.

23/ Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ súnmọ́bí. Irú ìfúnpá agbárí kan wà tí kò ní kókó nínú, àwa ọ̀dọ́bìnrin tó ṣì lè bímọ ló sì ń mú jù, pàápàá tí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sanra. Àwọn oògùn kan náà lè fà á: tetracycline pupa-àti-yẹ́lò tí wọ́n ń tà ní kíóósì, doxycycline, isotretinoin tí ẹ̀ ń lò fún irorẹ́, vitamin A tó pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe content skincare, ẹ máa fi èyí kún un. Bí ẹ̀fọ́rí bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oògùn tuntun, ẹ sọ fún dókítà.

24/ Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé ó ní ìtọ́jú. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014 lò èèyàn 165 tí ìríran wọn ti dín díẹ̀: àwọn tó lo acetazolamide pẹ̀lú oúnjẹ tó ń dín ara kù, ojú wọn dáa sí i ju àwọn tó ṣe ti oúnjẹ nìkan. Àwọn onídókítà ojú wa mọ oògùn yẹn dáadáa, wọ́n ti ń lò ó fún glaucoma. Ẹ rí i pé ẹni tí wọ́n bá tètè dá mọ̀ nírètí. Ẹni tí wọ́n ní "stress ni" fún ni mò ń bẹ̀rù fún.

25/ Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè rèé:
• Ẹni tó bá sọ pé nerve yín wú, kó fún yín ní àwòrán àti lẹ́tà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó sì kọ ibi tí ẹ máa lọ.
• Ẹ fi gbogbo àwòrán ojú yín sórí fóònù. Tiyín ni.
• Ẹ bèèrè bóyá ẹni tó ń yẹ ojú yín wò ní ìwé àṣẹ ODORBN tàbí pé dókítà ojú ni. Optometrist tiwa ń fi ọdún 6 kàwé, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Unilorin níbí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta gíláàsì ni optometrist.

26/ Sí àwọn tó ń ṣe "free eye test" ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú ọjà: Ọlọ́run á san án fún yín. Àmọ́ ẹ má fi gíláàsì ìkàwé parí ẹ̀. Ẹ mú ẹni tó lè wo ẹ̀yìn ojú dání, kódà bó jẹ́ ti àwọn tó ní ẹ̀fọ́rí nìkan. Sí ìjọba Kwara: òfin NHIA ọdún 2022 sọ ìdánilójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo èèyàn. Ẹ jẹ́ kí fọ́tò ojú, ultrasound ojú àti OCT wà nínú ohun tó ń san. Ó dín owó kù ju MRI tí kò yẹ lọ.

27/ Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Ṣé kí a wá fi àdúrà sílẹ̀ ni?" Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ gbàdúrà, ẹ mu hàǹtú, ẹ gun orí òkè. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń gbàdúrà lé lórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìdílé yẹn fi gbààwẹ̀ fún kókó tí kò sí, ẹlòmíì tó ní in gan-an lè wà níta tó ń ra gíláàsì kejì.

28/ Èyí ṣe pàtàkì: bí ẹ̀fọ́rí bá wá pẹ̀lú èébì, ojú tó ń ṣókùnkùn, rírí nǹkan kan ní méjì, ibà pẹ̀lú ọrùn tó le, tàbí kí èèyàn máa sọ kántankàntan, ẹ má dúró de OCT. Ẹ kọjá sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn ńlá, UITH ní Òkè-Ọ̀sẹ́ tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín. Àwòrán ojú á bá yín níbẹ̀.

29/ Ó tán. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó máa ń sọ pé "ẹ̀fọ́rí mi tún ti dé", kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan: ìgbà wo ni wọ́n wo ẹ̀yìn ojú ẹ kẹ́yìn? Bó bá ní wọn ò wò ó rí, ẹ mú un lọ lọ́sẹ̀ yìí.